Bí Ẹni Tí Ọrùn Ti Farapa Ṣe Lè Gbádùn Ọgbà Ìgbafẹ́ Láìfi Ara Wewu

Bí ọdún Iléyá bá ti ku dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń wọlé láti Èkó, Àbújá àti òkè òkun, ọ̀rọ̀ kì í tán sórí ẹran àgbò àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Tí wọ́n bá ti ṣe Ojúde Ọba tán ní ọjọ́ kẹta ọdún, àwọn ọmọdé á yarí kanlẹ̀ pé àfi dandan kí wọ́n gbé àwọn lọ sí ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn kan á gba Ṣàgámù bọ́ sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí Hi-Impact Planet wà. Àwọn mìíràn á kọrí sí Trans Amusement Park n'Ìbàdàn. Nínú ọkọ̀ tó kún fún ẹbí bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kẹ́ ẹ má rí ẹnì kan tí ọrùn ti ṣe rí: ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú, ìyá tó ti fi orí ru ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Òkè-Àjé, ẹni tí ọkọ̀ gbá láti ẹ̀yìn lójú títì. Èmi náà wà lára wọn. Látìgbà tí ọkọ̀ kan ti gbá tiwa láti ẹ̀yìn ni ọrùn mi ti di ohun tí mò ń ṣọ́.

Ẹlòmíì á ní kí ẹni tí ọrùn ti ṣe má gun nǹkan kan mọ́ láyé. Ẹlòmíì á ní, "Kò sóhun tó máa ṣe yín, ẹ jẹ́ ká lọ jàre." Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ìgbafẹ́ tó ń yí ló yẹ kéèyàn kó sí. Ohun tó yẹ ni ká mọ èyí tó bá ọrùn wa mu, ká sì mọ bá a ṣe máa jókòó sínú ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọrùn nínú ẹ̀rọ

Eegun kéékèèké méje ló to léra wọn nínú ọrùn èèyàn. Láàárín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Inú ihò tó wà láàárín eegun yìí ni iṣan ńlá tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí gbogbo ara gbà kọjá, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ náà sì gba ọrùn kọjá. Lókè gbogbo èyí ni orí jókòó sí. Orí àgbàlagbà máa ń wúwo tó kìlógíráàmù 4.5 sí 5. Tí ẹ̀rọ bá sáré já síwájú, tàbí tó ṣẹ́ kọ́nà lójijì, ìwúwo yẹn á di ìlọ́po. Róólà kósítà, ìyẹn ọkọ̀ orí irin tó ń sáré gun òkè tó sì ń já wálẹ̀, kan wà tó lè sọ ìwúwo orí di ìlọ́po mẹ́rin fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Ní ìwọ̀nba àkókò yẹn, ṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 lé ọrùn lórí. Ọrùn tó dá ṣáṣá lè gbà á. Èyí tí iṣan ẹ̀ ti fà ya rí, tàbí tí eegun ẹ̀ ti sún, kò ní agbára yẹn lára mọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìwúwo nìkan ló ń ṣe ọrùn léṣe. Ìrìn tí ara kò retí burú jù ú lọ. Tí ojú yín bá rí i pé ẹ̀rọ fẹ́ yà sọ́tùn-ún, iṣan ọrùn á ti múra sílẹ̀ kó tó yà. Tí nǹkan bá gbá yín láti ẹ̀yìn nígbà tí ẹ ò mọ̀, orí á ṣẹ́ lọ sẹ́yìn, á tún já padà síwájú, kí iṣan tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ṣe ọrùn léṣe nínú ọkọ̀ gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi ara mi ní ìbéèrè méjì kí n tó gun ohunkóhun: Ṣé màá rí ìrìn ẹ̀ kó tó dé? Ṣé orí mi á dúró jẹ́ẹ́ lórí èjìká mi títí tó fi máa parí?

Tí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ rárá, mi ò gùn ún.

1. Ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ má fi í di àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹ ṣe é nígbà tí ọdún ṣì kù díẹ̀. Ẹni tó wà ní Rẹ́mọ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù nítòsí, ti Babcock sì wà ní Ìlíṣàn. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó ti gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn eegun n'Ígbóbì l'Ékòó, kó padà síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni fáìlì ẹ̀ wà.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn béèrè pé, "Dókítà, ṣé mo lè lọ gbafẹ́?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí wọ́n á rò pé jíjókòó sábẹ́ igi lẹ ní lọ́kàn. Ẹ ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kan máa ń yí, òmíràn máa ń já wálẹ̀ láti òkè, òmíràn máa ń kọlu ara wọn. Kí wọ́n sọ èyí tẹ́ ẹ lè gùn àti èyí tẹ́ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́. Tó bá jẹ́ físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ló ń tọ́jú yín, ẹ bi òun náà, torí òun ló mọ ibi tí ọrùn yín lè yí dé.

Àwọn kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ pé kí wọ́n gbàgbé ẹ̀rọ títí dókítà fi máa fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó yá. Ẹni tó ṣì ń wọ kọ́là ọrùn. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń kú tipiri, tí ìka ń rìn ín wìnnìwìnnì, tàbí tí ife ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọrùn ẹ̀, pàápàá tí wọ́n fi irin so eegun pọ̀. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ihò inú eegun ọrùn ẹ̀ ti há. Àgbàlagbà tí eegun ẹ̀ ti fúyẹ́ náà wà níbẹ̀, àti ẹni tí oríkèé ara ẹ̀ máa ń wú nítorí àrùn oríkèé ríro. Ọmọ tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò kan tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ, ń fẹ́ àyẹ̀wò tirẹ̀, torí oríkèé tó wà lókè ọrùn wọn lè má dúró dáadáa, bí ọmọ náà ò tiẹ̀ farapa rí.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn teguntegun wa. Ọwọ́ wọn ti to ẹsẹ̀ àti apá ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọrùn yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe teguntegun, onígbàjámọ̀ tàbí ẹni tó ń fọwọ́ ra èèyàn lára, di orí yín mú kó ṣẹ́ ẹ kó dún kẹ́ẹ́, nítorí kí ọrùn lè "là" kẹ́ ẹ tó lọ gbafẹ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ lè ya níbẹ̀, èèyàn sì lè ti ibẹ̀ rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.

2. Àyẹ̀wò àárọ̀ ọjọ́ náà

Ẹ jókòó sórí àga tó le, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ rọra yí ojú sí èjìká ọ̀tún, lẹ́yìn náà sí tòsì. Ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo àjà. Ẹ tẹ etí sí èjìká níbí àti lọ́hùn-ún. Ẹ di ife omi mú pẹ̀lú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá agbára wọn dọ́gba. Tí gbogbo ẹ̀ bá lọ geere, ó dára. Tó bá jẹ́ pé apá kan le, tàbí tí ìrora bá ń sáré láti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí apá, ẹ lè bá wọn lọ o, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ lẹ máa wà lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé oògùn ara ríro mì láàárọ̀ kó lè "gbé yín débẹ̀." Ìrora yẹn ló máa sọ fún yín pé ó tó. Tí oògùn bá ti pa á lẹ́nu mọ́, ẹ ò ní gbọ́ ìkìlọ̀ títí dìgbà tí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́là ọrùn. Mo ti rí ẹni tó wọ kọ́là, tó fẹ́ gun ọkọ̀ tó ń fì, ó ní kọ́là náà á di ọrùn òun mú. Kọ́là aṣọ rọ̀ jù láti dá orí dúró nínú ẹ̀rọ tó ń sáré. Ọrùn tó bá ṣì ń fẹ́ kọ́là kò tíì tó ẹni tó ń gun ẹ̀rọ.

3. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà lọ

Ọ̀pọ̀ ọrùn ti rẹ̀ kó tó dé ọgbà. Tẹ́ ẹ bá láǹfààní ẹ̀, ẹ jókòó síbi tí àga ti ní ibi ìgbórílé, kẹ́ ẹ sì fà á sókè títí orí ẹ̀ fi máa bá àtàrí yín dọ́gba. Tó bá wà nísàlẹ̀ jù, ọrùn ló máa ká lé e tí ọkọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ wọ bẹ́líìtì. Ní bọ́ọ̀sì tí kò ní ìgbórílé, ẹ ká ìborùn tàbí táwẹ́lì, kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn ọrùn.

Oorun inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọkọ̀ ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, atẹ́gùn ń fẹ́, ojú ń wọ́lẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú síwájú, ọkọ̀ á bọ́ sínú kòtò, orí á já padà sókè. Èyí nìkan tó láti da ọrùn rú kẹ́ ẹ tó rí ẹ̀rọ kankan. Tí oorun bá ń kùn yín, ẹ sọ fún awakọ̀ kó dúró, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ nà ẹsẹ̀.

4. Ẹ wo orí àwọn tó gùn ún, ẹ má wo ẹ̀rín wọn

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí jù, owó kankan ò sì bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá wọ inú ọgbà, ẹ má tíì tò sórí ìlà kankan. Ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wò ó láti ìgbà tó gbéra títí tó fi dúró, kì í ṣe ìdajì. Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa pariwo, orin á máa dún. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Orí wọn ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ mú ẹnì kan nínú wọn, pàápàá ọmọdébìnrin tó di irun gígùn, torí irun á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìrìn orí dáadáa. Tí irun náà bá kàn ń mì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ẹ̀rọ yẹn rọ̀. Tó bá ń fò sọ́tùn-ún, tó ń gbá ẹni tó jókòó tì í lójú ní òsì, tí ọmọ náà sì ń fi ọwọ́ di ìpàkọ́ ara ẹ̀ mú, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ wo àkókò tó gbéra: ṣé ó já gbọn-ọn ni, àbí ó rọra ń pọ̀ sí i? Ẹ wo bó ṣe ń dúró. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé dídúró wọn burú ju sísáré wọn lọ. Wọ́n á kàn dúró gbì, gbogbo orí á sì tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà bíi pé wọ́n ń kí ọba. Ẹ tún wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó ń pa ẹ̀yìn ọrùn, ẹ bi í léèrè ohun tó rí.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú àwọn ọgbà ńlá òkè òkun, irú èyí táwọn ọmọ máa ń gbé àwọn òbí lọ tí wọ́n bá lọ kí wọn, pátákó á sọ ọ́ gbangba pé kí aláboyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dà láàmú má gùn ún. Tí pátákó bá dárúkọ ọrùn, ọ̀rọ̀ ti tán. Tí kò bá sí pátákó, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò séwu.

Ẹ lọ bá ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà. Ẹ má tijú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń ṣẹ́ kọ́nà lójijì?"

"Rárá, Mọ́mì, yíyí ló kàn ń yí."

"Ṣé ó máa ń rìn sẹ́yìn bí?"

"Tó bá di ìparí, ó máa ń padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì."

Irú ìdáhùn kejì yẹn ni mo ń wá. Ẹ̀rọ tó bá ń rìn sẹ́yìn, ojú ò rí ibi tó ń lọ, ọrùn ò sì lè múra. Ẹ tún bi í léèrè bóyá ó lè dá ẹ̀rọ dúró tẹ́ ẹ bá nawọ́ sókè. Tó bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ fi ìyẹn náà sínú ìrò yín.

5. Èyí tí ọrùn lè bá rìn, àti èyí tí kò lè bá rìn

Kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tó tún ń gbé e bọ̀ wálẹ̀, rélùwéè kékeré tó ń yí ọgbà po, ẹṣin onígi tó ń yí lójú kan, ọkọ̀ orí omi tí wọ́n ń wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ọ̀pọ̀ ọrùn tó ti ń sàn lè bá wọn rìn. Ìgbà téèyàn ń wọlé àti ìgbà tó ń jáde ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún lórí kẹ̀kẹ́ ńlá, torí àwọn kan kì í dúró pátápátá. Tẹ́ ẹ bá wà lókè, ẹ yí gbogbo ara tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, ẹ má yí ọrùn nìkan.

Ọkọ̀ ńlá tó ń fì lọ fì bọ̀ gba ìrònú. Ìrìn ẹ̀ ṣeé rí kó tó dé, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun méjèèjì ló ń lọ sókè jù, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń jà sí. Tí dókítà bá fọwọ́ sí i, àárín gbùngbùn ni kẹ́ ẹ jókòó sí, torí ibẹ̀ ni kì í fì púpọ̀. Jangilọ́fà onírin tó ń fi ṣéènì yí èèyàn po lókè náà gba ìrònú, nítorí bó ṣe ń yára ni orí ń wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn á sì máa fà á padà títí tó fi máa dúró.

Mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń kọlu ara wọn, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní bọ́ḿpà-káà, ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló gbà pé eré ọmọdé ni. Kò ga, kò yára, ọmọ kékeré ń wà á. Àní ọ̀pọ̀ bàbá àgbà ló máa ń wọ inú ẹ̀ nítorí ọmọ-ọmọ wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ gbogbo ẹ̀rọ gíga. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbéèrè méjì tá a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú mọ́tò yìí, gbogbo adùn ẹ̀ ni pé kí ẹlòmíì gbá yín nígbà tẹ́ ò retí, láti ẹ̀yìn tàbí láti ẹ̀gbẹ́, àga ẹ̀ sì sábà máa ń kúrú débi tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn orí. Ohun tó ṣe wá léṣe lójú títì ni wọ́n sọ di eré. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà, òun ni mo máa kọ́kọ́ kọ̀ fún ẹni tí ọrùn ti ṣe rí, kódà tí kò bá ti dùn ún mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Róólà kósítà, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ga tó sì ń jù ú sílẹ̀, ife ńlá tó ń yí lórí ohun tó tún ń yí, ilé afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń fò lórí ẹ̀, àti trampoline: mi ò ní gùn wọ́n. Ẹni tí dókítà bá gbà láyè láti gun róólà kósítà kékeré ti ẹbí, kó jókòó sí àárín, kó má ṣe jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi tó ti máa ń fani já jù. Láti àárín, ẹ lè máa wo ìpàkọ́ àwọn tó wà níwájú. Ibi tí orí wọn bá yà sí ni tiyín náà máa yà sí.

Omi ńkọ́? Ẹ má fi orí ṣíwájú níbi tí wọ́n ti ń yọ̀ sínú omi. Ẹ má sì bẹ́ fi orí sọlẹ̀ sínú ìwẹ̀ tí kò jìn. Irú bíbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ́ ọrùn àwọn tó dá ṣáṣá, ká má tilẹ̀ sọ tàwa.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú wa, tí kò sí nínú ọgbà. Lásìkò Ojúde Ọba, ẹṣin máa ń pọ̀ nílùú, àwọn èèyàn sì máa ń fẹ́ gun orí ẹ̀ ya fọ́tò. Ẹṣin tó dúró, tí ẹni tó ni í di ìjánu mú, kò burú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í sọ fúnni kó tó ta gìrì, ìbọn àti ìlù sì pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ara ẹ̀ le gùn ún, kẹ́ ẹ dúró tì í ya fọ́tò.

6. Bẹ́ ẹ ṣe máa jókòó

Ẹ tú gèlè, ẹ bọ́ fìlà, ẹ yọ báàgì lọ́rùn. Gèlè ńlá ń wúwo, atẹ́gùn á sì máa fà á. Ẹ sún títí ìdí á fi kan ẹ̀yìn àga, kẹ́ ẹ tẹ orí mọ́ ibi ìgbórílé tó bá wà, kẹ́ ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di irin iwájú mú, kẹ́ ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ojú iwájú ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Ẹ má dijú, torí ojú ló ń sọ fún ọrùn pé nǹkan ń bọ̀.

Ẹ̀rọ tó ní irin tó ń bọ́ sórí èjìká, ẹ wò ó bóyá ó bá ìga yín mu. Tẹ́ ẹ bá kúrú, irin náà lè wà ní ẹ̀gbẹ́ etí, kó máa gbá yín lórí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bínú sí yín, tí wọ́n bá sì bínú, kí wọ́n bínú.

Fóònù! Èyí tí èèyàn ń ṣe jù lónìí ni kó máa ya ara ẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Tí ẹ̀rọ bá já lójijì nígbà tó yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí fọ́tò, orí ẹ̀ ò ní dojú kọ ibi tí agbára ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nílẹ̀ ya yín. Bákan náà, tí ẹnì kan bá pè yín láti ẹ̀yìn, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Ẹ dáhùn láìyíjú.

Ọ̀kan tí wọ́n kì í kà sí ẹ̀rọ ni gbígbé ọmọ kọ́rùn. Ọmọ ti rẹ̀, ó ń sunkún, bàbá á gbé e lé èjìká, ẹsẹ̀ méjèèjì á wá síwájú, ọmọ á fi ọwọ́ di iwájú orí bàbá mú, á sì máa jó. Kò sí róólà kósítà tó ń ṣe ọrùn bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ pọ̀n ọ́n, tàbí kẹ́ ẹ dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sì fún ẹlòmíì tí ó bá ń wúwo.

Láàárín ẹ̀rọ kan sí èkejì, ẹ sinmi, ẹ mu omi, ẹ tún àyẹ̀wò àárọ̀ yẹn ṣe.

7. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ nawọ́ sókè, ẹ pariwo kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Tí ẹnì kan bá sọ pé ọrùn òun ń dun òun gan-an lẹ́yìn tí nǹkan gbá a tàbí tó ṣubú, tí kò lè gbé apá tàbí ẹsẹ̀, tí ara ẹ̀ kú, tàbí tó tọ̀ sára láìmọ̀, ẹ má gbé e dìde. Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má mì í, ẹ má sì fi ọ̀kadà gbé e. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ sí ibi orí ẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú lápá ọ̀tún àti òsì, kó má jẹ́ kó yí, kó sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹlòmíì pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì tí kì í gba owó lórí fóònù. Àfi tí ewu mìíràn bá wà níbẹ̀, bí iná tàbí ẹ̀rọ tó fẹ́ já lulẹ̀, ni kẹ́ ẹ gbé e kúrò.

Àmì kan tún wà tí kì í jọ ti ọrùn, tó sì jẹ́ pé ọrùn ló ti wá: orí fífọ́ líle tírú ẹ̀ ò ṣe yín rí, òòyì tí kò lọ, ẹnu tó wọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, ojú tó ń rí nǹkan méjì méjì, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ. Ó lè jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọrùn ló ti ya. Ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ gun ẹ̀rọ, torí tẹ́ ò bá sọ ọ́, kò ní mọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó kàn le díẹ̀ ni, ẹ di yìnyín sínú aṣọ, kẹ́ ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gbé e kúrò. Paracetamol ṣeé lò: fún àgbàlagbà, kò gbọ́dọ̀ ju hóró 8 oní-500 mg lọ láàárín wákàtí 24, kẹ́ ẹ sì rí i pé kò sí nínú oògùn òtútù tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ máa rọra yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, ẹ má dùbúlẹ̀ sójú kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òrí pa á, kó jẹ́ pípa lásán, kí ẹnikẹ́ni má fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

8. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀

Ọrùn tó farapa lè dákẹ́ lọ́jọ́ náà, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Nítorí náà, ẹ má sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ gùn sílẹ̀, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, àti bí ọrùn ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má ru ẹrù lórí láàárín ìgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ ṣe irun, ẹ sọ fún onídìrí kó má ká ọrùn yín sẹ́yìn sórí báṣíà ìfọrun, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú dípò bẹ́ẹ̀.

Tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ohun tó yí padà, ẹ mú ìwé yẹn lọ fún dókítà tàbí físíò yín nígbà tẹ́ ẹ bá tún rí i. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹ lè fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo kún un ní ọdún tó ń bọ̀, èyí tó le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má fi méjì kún un lẹ́ẹ̀kan náà, torí tí ọrùn bá ro, ẹ ò ní mọ èyí tó fà á.